Igbà, Adá àti Òkè Ọ̀pẹ: Ìtàn Iṣẹ́ Akọ̀pẹ ní Àríwá Èkìtì

Oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní bí a ṣe ń kí i nílẹ̀ Yorùbá. "Ojú gbooro o" ni ti onídìrí, "Àrẹdú o" ni ti aláró. Ẹni tó bá ń gba abẹ́ ọ̀pẹ kọjá, tó gbọ́ tí adá ń dún lókè, á gbójú sókè, á sì ké sí ọkùnrin tó wà níbẹ̀ pé, "Igbà á rọ̀ o!" Àdúrà náà kò kan owó, kò kan ọmọ, kò tilẹ̀ kan iye ẹyìn tí yóò bọ́ sílẹ̀. Okùn ni wọ́n ń ṣàdúrà fún. Ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí okùn yẹn nìkan ni kì í jẹ́ kí akọ̀pẹ bá ara rẹ̀ nílẹ̀ lójijì.

Ọ̀kan lára àwọn ìlú tí iṣẹ́ akọ̀pẹ yìí kàn ni Ìrèlè-Èkìtì, tó wà ní ìpẹ̀kun Èkìtì níhà àríwá, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé, òun pẹ̀lú Òkè-Àkó, Ìpaò, Ìyẹmẹrò àti Ìtàpájì. Kì í ṣe Irele ti ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ náà kò kẹ̀rẹ̀ nínú iṣẹ́ ọ̀pẹ. Téèyàn bá tẹ̀ síwájú díẹ̀ sí i láti Ìrèlè-Èkìtì, ó ti ń wọ ilẹ̀ Kwara tàbí Kogi nìyẹn. Igbó kìjikìji ti ìhà gúúsù ń tán lọ níbẹ̀, ọ̀dàn sì ń bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ létí odò, ní àfonífojì àti nínú oko tí wọ́n ti fi sílẹ̀, ọ̀pẹ ò wọ́n. Iṣu àti iyán ló gbé orúkọ Èkìtì jáde, ṣùgbọ́n ta ni yóò jẹ iyán náà láìsí epo lọ́bẹ̀?

Láyé àtijọ́, wọn kì í sábà gbin ọ̀pẹ. Igi tó fẹ́ràn oòrùn ni. Lábẹ́ ìbòòji igi ńlá, kò lè gbèrú. Ibi tí èèyàn bá ti ṣánko, tó sun ún, tó sì gbin iṣu sí ló ń hù sí, látinú ekùrọ́ tí ẹyẹ, ọ̀kẹ́rẹ́ àti ọmọ aráyé ń jù sílẹ̀. Bí àgbẹ̀ bá ń gé igi yòókù, á dá ọ̀pẹ sí. Bí oko bá sì di igbó padà, ọ̀pẹ ti ga, kò sẹ́ni tó lè lé e kúrò mọ́. Ìdí nìyí tí àwùjọ ọ̀pẹ láàárín igbó fi sábà máa ń jẹ́ àmì ahoro. Ògiri amọ̀ á wó, òrùlé á jẹrà, ọ̀pẹ á ṣẹ́ kù.

Àríwá Èkìtì kò sì ṣàì rí ogun tó ń sọ ìlú di ahoro. Àwọn ọmọ ogun Núpé láti Bídà ń kó àwọn èèyàn ibẹ̀ lẹ́rú láti ìhà kan, àwọn Ìbàdàn ń jẹ gàba lé wọn lórí láti ìhà kejì. Ogun Èkìtìparapọ̀ tí à ń pè ní Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1886 ni wọ́n sì tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà rẹ̀. Ti Bídà kò tán títí di 1897, nígbà tí ọmọ ogun ilé-iṣẹ́ òwò Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Royal Niger Company ṣẹ́gun ìlú náà. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, bí àwọn èèyàn ṣe ń sá kúrò níbì kan lọ síbòmíràn, ọ̀pẹ ń dàgbà lẹ́yìn wọn. Ọ̀pẹ inú igbó lè ga tó mítà 20, òmíràn á sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ga tó ilé alájà mẹ́fà. Gbogbo ohun tí èèyàn ń fẹ́ lára rẹ̀, ẹyìn, ẹmu àti màrìwò, orí téńté ló wà.

Gíga yìí ló dá iṣẹ́ akọ̀pẹ sílẹ̀.

Ara ọ̀pẹ fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti ń rí okùn tí wọ́n fi ń gùn ún. Wọ́n á bó awọ ọwá imọ̀ ọ̀pẹ tàbí ti ògùrọ̀, wọ́n á là á tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á lọ́ ọ pọ̀ mọ́ okùn inú igbó títí yóò fi nípọn, tí yóò sì lágbára. Apá tó máa kan ẹ̀yìn akọ̀pẹ a máa fẹ̀ ju èyí tó yí igi ká lọ, kó má bàa gé e lára. Igbà tó bá gbẹ jù á sán. Èyí tí òjò bá pa jù á jẹrà láti inú, ojú kò sì ní tètè rí i. Nítorí náà, wọn kì í sá a sí oòrùn, wọn kì í sì í fi í sílẹ̀ níbi tí eku tàbí ikán lè dé. Lóde òní, àwọn kan ti ń fi okùn ọ̀rá tàbí wáyà kún un. Síbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń lò ó kò yí padà.

Àwọn irinṣẹ́ yòókù kò pọ̀. Adá mímú tàbí àáké kékeré kan ló wà fún ẹyìn, tí akọ̀pẹ á fi há ìgbànú rẹ̀ lẹ́yìn. Adẹ́mu ní tirẹ̀ á mú ọ̀bẹ, akèrègbè àti gígé oparun tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹmu máa gbà kọjá. Ṣòkòtò kúkúrú ló wà nídìí wọn, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n sì fi ń gùn ún, torí àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń sọ fún akọ̀pẹ bóyá ara igi ń yọ̀.

Ó yẹ kéèyàn fara balẹ̀ wo bí wọ́n ṣe ń gùn ún. Akọ̀pẹ á yí igbà ká ìdí ọ̀pẹ àti ìbàdí ara rẹ̀, á sì ta á ní kókó. Kó tó gbé ẹsẹ̀ kankan sókè, á fi ẹ̀yìn ti igbà náà lẹ́ẹ̀kan, á tún tì í lẹ́ẹ̀kejì, kó lè mọ̀ bóyá kókó náà dè. Lẹ́yìn náà á gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé ara igi, á sì fara tì sẹ́yìn. Bó bá ṣe ń fara tì tó ni igbà ń di igi mú tó. Láti gòkè, á sún mọ́ igi díẹ̀ kí igbà lè dẹ̀, á fọwọ́ méjèèjì jù ú sókè, á tún fara tì, á sì fẹsẹ̀ rìn tẹ̀ lé e. Láàárín ìgbà tí okùn bá dẹ̀ yìí, kò sóhun tó dì í mú ju àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe títí dé òkè.

Ohun tó ń ṣòro fún ọmọṣẹ́ ni pé ìbẹ̀rù ń kọ́ èèyàn ní òdì-kejì ohun tó yẹ kó ṣe. Ẹni tí ẹ̀rù bá bà lókè á fẹ́ fọwọ́ méjèèjì gbá igi mọ́ra. Bó bá ti gbá a mọ́ra, igbà á dẹ̀, á sì yọ̀ sílẹ̀. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá ń kọ́ ọmọṣẹ́ ni pé kó gbára lé okùn, kó na ara rẹ̀ sẹ́yìn sí ojú òfurufú. Ìdí ọ̀pẹ kúkúrú ni wọ́n ti ń kọ́ èyí, lórí igi tí kùkùté imọ̀ rẹ̀ ṣì wà lára, tí ẹsẹ̀ sì lè rí ibi tẹ̀. Ọ̀pẹ tó ti dàgbà ti bọ́ gbogbo kùkùté yẹn sílẹ̀. Ara rẹ̀ á dán, bí òjò bá sì ti rọ̀ sí i, ó di ohun tí àgbà akọ̀pẹ náà ń sá fún.

Òkè gan-an ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹyìn kì í wà ní gbangba. Àárín imọ̀ ló fara pamọ́ sí, ìdí imọ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ní ẹ̀gún. Akọ̀pẹ á kọ́kọ́ gé imọ̀ tó wà lábẹ́ ìdì ẹyìn, kó tó lè rí ọrùn ìdì náà gé. Ọwọ́ kan ló fi ń gé e, nígbà tí ọwọ́ kejì ń ti imọ̀ sápá kan, tí ẹ̀yìn ń ti igbà, tí ẹsẹ̀ ń ti igi. Ìdì kan lè wọ̀n tó kìlógíráàmù 10 sí 25, ẹyìn inú rẹ̀ sì lè lé ní 1,000. Bó bá ń bọ̀ nílẹ̀, ẹni tó wà ní ìdí ọ̀pẹ gbọ́dọ̀ ti yà kúrò. Ó lè jẹ́ pé ẹyẹ ẹ̀ga ti kọ́ ìtẹ́ síbẹ̀, tí ejò sì tẹ̀ lé ẹyẹ wá. Oyin náà fẹ́ràn ibẹ̀. Ẹni tó bá bá oyin lókè ọ̀pẹ kò lè sáré, kò sì lè fi ọwọ́ méjèèjì lé e.

Bí ẹyìn bá ti délẹ̀, ó kúrò lọ́wọ́ ọkùnrin nìyẹn. Àwọn obìnrin ló ń kó o lọ sí ẹkù létí odò. Wọ́n á ṣa ẹyìn kúrò lára ìdì, wọ́n á sè é, wọ́n á gún un tàbí kí wọ́n fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọ́n á bu omi sí i kí epo lè léfòó, wọ́n á sì ré e sínú ìkòkò. Wọ́n á tún fọ́ ekùrọ́ fún àdín. Ìháhá di ohun ìdáná àti ògùṣọ̀. Owó akọ̀pẹ wà nínú iye ìdì tó gé. Ó lè gbà á lówó, ó sì lè gbà á ní ìdì ẹyìn. Ìyá elépo ló ń ru ewu ọjà, akọ̀pẹ ń ru ewu ara.

Ẹ̀tọ́ sórí ọ̀pẹ náà ní òfin tirẹ̀. Nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tí wọ́n bá yá nílẹ̀ dáko lè gbin iṣu àti àgbàdo bó ṣe wù ú, ṣùgbọ́n ìyẹn kò túmọ̀ sí pé ọ̀pẹ orí ilẹ̀ náà di tirẹ̀. Onílẹ̀ tàbí ẹbí ló ni ín, àfi bí wọ́n bá fún un láṣẹ. P. C. Lloyd, tó kọ ìwé lórí òfin ilẹ̀ Yorùbá ní 1962, tó sì fi Adó-Èkìtì ṣe ọ̀kan lára àwọn ìlú tó yẹ̀ wò, rí i bí ọ̀rọ̀ igi tó ń mówó wọlé ṣe ń fa ẹjọ́. Akọ̀pẹ gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ni igi kó tó ta igbà rẹ̀. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, á sọ̀ kalẹ̀ bá ìjà nísàlẹ̀.

Adẹ́mu jẹ́ ìbátan akọ̀pẹ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn kì í ṣe ọ̀kan. Akọ̀pẹ ń dé orí igi kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ẹyìn bá pọ́n. Adẹ́mu gbọ́dọ̀ padà sórí igi kan náà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, lójoojúmọ́, torí bí kò bá tún ojú ibi tó dá gé, omi inú rẹ̀ á dí. Adùn ni ẹmu máa ń mú jáde látinú igi. Àwọn ìwúkàrà tí ojú kò lè rí, tó wà nínú afẹ́fẹ́ àti nínú akèrègbè, ló ń sọ ṣúgà inú rẹ̀ di ọtí láàárín wákàtí díẹ̀. Bó bá fi máa di ọjọ́ kejì, ó ti ń kan. Ìdí nìyí tí adẹ́mu kò fi lè sọ pé ó rẹ òun lónìí.

Kò sì sí àjọ̀dún tó lè dúró láìsí ẹmu. Ìrè-Èkìtì, tó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ọyẹ́, ni ìlú Ògún Onírè. Ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni pé ojú ogun ni Ògún ti dé, tí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó sì bá àwọn èèyàn níbi àpéjọ tí wọn kì í ti í sọ̀rọ̀. Ó kí wọn, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó gbé akèrègbè ẹmu tó wà níwájú wọn, òfìfo ni. Ìbínú mú un, ó fi idà bẹ́ wọn lórí, kó tó mọ̀ pé èèwọ̀ ni kò jẹ́ kí wọ́n fèsì. Ó sì wọlẹ̀ níbẹ̀. Ẹmu àti màrìwò ṣì ni ohun Ògún títí dòní, òkè ọ̀pẹ sì ni àwọn méjèèjì ti ń wá.

Títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, epo inú ilé àti ti ọjà àdúgbò ni akọ̀pẹ Èkìtì ń gùn fún. Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú ní 1807, àwọn ilé-iṣẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wá epo pupa fún ọṣẹ, àbẹ́là àti gírísì ẹ̀rọ. Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861. Nígbà tó di 1884, William Lever ti dá ọṣẹ Sunlight sílẹ̀. Àmọ́ Èkìtì jìnnà sí etíkun. Orí ni wọ́n fi ń ru ìkòkò epo, ọ̀pọ̀ ọmọ Èkìtì tí ogun kó sì wà lẹ́rú nínú oko àwọn balógun Ìbàdàn. Reluwé dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó sì ti kọjá Ọ̀fà dé Ìlọrin ní 1908. Kò wọ Èkìtì rárá. Ekùrọ́ rọrùn-ún gbé ju epo lọ, kì í sì í dà sílẹ̀. Nítorí náà, ekùrọ́ ni ọ̀nà tó yá jù fún ará Èkìtì láti rí owó orí tí ìjọba àwọn òyìnbó ń béèrè.

Ohun kan tó yẹ kéèyàn rántí nínú ìtàn yìí ni pé Lever fẹ́ ilẹ̀ ńlá nílẹ̀ Nàìjíríà fún oko ọ̀pẹ, ìjọba amúnisìn kò sì gbà fún un. Wọ́n ní kí ọ̀pẹ wà lọ́wọ́ àgbẹ̀. Ó gba Congo ti Bẹ́ljíọ̀mù lọ ní 1911, níbi tí wọ́n ti ń fipá mú àwọn ọkùnrin gun ọ̀pẹ. Ìnira iṣẹ́ yìí wà lára ohun tó fa ọ̀tẹ̀ àwọn ẹ̀yà Pende níbẹ̀ ní 1931. Àgbẹ̀ Nàìjíríà bọ́ lọ́wọ́ irú ìfipá yẹn. Ṣùgbọ́n kíkọ̀ yẹn náà ló mú kí epo Nàìjíríà máa wá láti orí igi gíga inú igbó, láti ọwọ́ ọkùnrin tó dá dúró, tí kò ní ọ̀gá, tí kò sì ní ẹni tó máa bá a ra okùn.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìfẹ́ epo tún pọ̀ sí i. Japan gba Singapore ní oṣù kejì ọdún 1942, epo láti oko ọ̀pẹ Malaya àti ti Sumatra kò sì dé ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì mọ́. Wọ́n yíjú sí Nàìjíríà. Ìjọba ń polongo káàkiri pé kí wọ́n kó ekùrọ́ wá, àní àwọn ọmọ ilé-ìwé náà ń pa á. Ìjọba ló ń dá iye owó rẹ̀. Ní 1949, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ tó ń ra epo àti ekùrọ́ fún títà sókè òkun. Àwọn olùyẹ̀wò ń wọn bí epo ṣe mọ́ tó, wọ́n ń pín in sí ipò, wọ́n sì ń sanwó gẹ́gẹ́ bí ipò rẹ̀. Nàìjíríà sì wà ní iwájú nínú àwọn tó ń ta epo pupa sókè òkun títí di àárín ọdún 1960 sí 1969. Kò sí ibì kankan nínú ìṣirò yẹn tí ẹ̀yìn akọ̀pẹ ti jẹ́ owó.

Kòkó ló mú àwọn ọmọ onílẹ̀ kúrò lókè ọ̀pẹ. Igi kòkó kúrú, ilẹ̀ lèèyàn dúró sí ká a. Bí kòkó ṣe ń mówó wọlé ní Èkìtì, ilé-ìwé náà ń pọ̀, ọmọ tó bá sì ti kàwé kì í fẹ́ ta igbà. Iṣẹ́ náà wá ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn àlejò. Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, àwọn Urhobo ni wọ́n gba iṣẹ́ ọ̀pẹ mọ́ra, wọ́n sì tẹ abúlé dó níbẹ̀. Onímọ̀ nípa àwùjọ nì, Onigu Otite, kọ̀wé lórí wọn ní 1979. Ní àríwá Èkìtì náà, àwọn àlejò wà lára àwọn tó ń gun ọ̀pẹ fún owó lónìí.

Ìtàn ìṣubú ni ìtàn tó lókìkí jù nípa adẹ́mu. Nínú ìwé Amos Tutuola, "The Palm-Wine Drinkard", tí Faber tẹ̀ jáde ní London ní 1952, adẹ́mu kan já bọ́ láti orí ọ̀pẹ, ó sì kú. Ọ̀mùtí tó ń dá ẹmu fún gbéra, ó ń wá a lọ sí ìlú àwọn òkú. Ọmọ Òkèmẹ̀sí-Èkìtì kan, Kọ́lá Ògúnmọ́lá, ló sọ ìtàn náà di eré orí ìtàgé lédè Yorùbá ní 1963. Àwọn èrò rẹ́rìn-ín títí nínú gbọ̀ngàn. Bẹ́ẹ̀, ìṣubú adẹ́mu kì í ṣe ohun àlá fún ẹni tó bá ti gbé ní abúlé ọ̀pẹ.

Nílé ìwòsàn, ìṣirò ni wọ́n fi ń sọ ọ́. W. W. Ebong, oníṣẹ́ abẹ eegun ní ilé ìwòsàn UCH, Ìbàdàn, tẹ ìwádìí jáde ní 1978 lórí àwọn tó já bọ́ láti orí igi. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, C. A. Okonkwo kọ̀wé láti Enugu lórí àwọn tó fara pa ní ọ̀pá ẹ̀yìn. Jíjábọ́ láti orí ọ̀pẹ wà lára okùnfà tó tọ́ka sí, ó sì pè é ní ohun tó ṣeé dènà. Bí ara ṣe ń gba ìjàǹbá náà kò ṣàjèjì sí àwọn dókítà. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ tàbí ìdí balẹ̀, gbogbo ìwúwo ara rẹ̀ á gorí gìgísẹ̀, á sì bá a dé ibi tí ẹ̀yìn òkè ti pàdé ìbàdí. Eegun ibẹ̀ á rún, á sì tẹ okùn ọ̀pá ẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ méjèèjì lè kú láti ọjọ́ náà. Ìtọ̀ kò ní ṣeé dá dúró mọ́. Bí wọn kò bá máa yí i padà lórí ibùsùn, egbò ìdùbúlẹ̀ á jáde ní ìdí àti ní gìgísẹ̀, egbò yìí ló sì sábà ń pa á lẹ́yìn ìṣubú, kì í ṣe ìṣubú gan-an.

Ọ̀nà tí wọ́n fi gbé ẹni tó já bọ́ kúrò níbẹ̀ lè pa á lára ju ọ̀pẹ lọ. Lóko, wọ́n á gbé e ní apá àti ní ẹsẹ̀, ẹ̀yìn á sì tẹ̀. Wọ́n á gbé e jókòó sáàárín èèyàn méjì lórí ọ̀kadà, kí ó tó dé Ìkọ̀lé, kí ó tó tún gba ọ̀nà ilé ìwòsàn ìkọ́ni ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì. Pákó kan tó tẹ́jú, tí èèyàn mẹ́rin gbé, ì bá ti gba ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ arọ. Ọ̀pọ̀ kì í tilẹ̀ dé ilé ìwòsàn. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń to eegun ni wọ́n ń gbé wọn lọ, àwọn yìí sì mọ iṣẹ́ wọn nípa apá tàbí ẹsẹ̀ tó kàn ṣẹ́: wọ́n á fi oparun tàbí ọwá dè é títí yóò fi so. Bí wọ́n bá dè é fún jù, ẹ̀jẹ̀ kò ní rìn, ẹran ara á sì kú. Ti ọ̀pá ẹ̀yìn tó rún, oparun kò lè tò ó.

Àwọn ọgbẹ́ kéékèèké kò ní ìwé tó ń kọ wọ́n. Ẹ̀gún imọ̀ ń wọlé sínú ọwọ́, ó sì ń kẹ̀. Ó lè mú àrùn ipá wá fún ẹni tí kò gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Èérún ń bọ́ sójú. Adá ń yẹ̀. Ẹ̀yìn ìbàdí, níbi tí igbà ń jókòó sí, á le bí awọ bàtà. Bí akọ̀pẹ bá fi máa lé ní àádọ́ta ọdún, eékún àti ẹ̀yìn ti ń dùn ún láàárọ̀, kò sì sí owó ìfẹ̀yìntì.

Òfin kò ṣàì sí. Nàìjíríà ti ní òfin owó gbà-má-bìínú fún òṣìṣẹ́ tó fara pa láti 1941, Employees' Compensation Act ti 2010 sì rọ́pò èyí tó wà ṣáájú rẹ̀. Àmọ́ agbanisíṣẹ́ ni òfin náà ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ni agbanisíṣẹ́ akọ̀pẹ? Ìyá elépo tó sanwó ìdì mẹ́wàá fún un lánàá, àbí onílẹ̀ tó ní kó wá gé ti òun lọ́la?

Àyípadà tó dé kò gba ti okùn wá, ti igi ló gbà wá. Ní 1848, wọ́n gbin ọ̀pẹ mẹ́rin péré sí ọgbà ewéko Bogor ní erékùṣù Java. Láti ara wọn ni ọ̀pọ̀ ọ̀pẹ oko ńláńlá ti Sumatra àti Malaysia ti wá. Ní 1941, àwọn onímọ̀ méjì, Beirnaert àti Vanderweyen, ní Congo ṣàlàyé bí ọ̀pẹ tí èèpo ekùrọ́ rẹ̀ nípọn àti èyí tí kò ní èèpo ṣe ń bí irú ọ̀pẹ tí à ń pè ní tenera, tí ẹran ẹyìn rẹ̀ pọ̀, tí epo rẹ̀ sì pọ̀. Nílẹ̀ Nàìjíríà, ibùdó ìwádìí tí wọ́n dá sílẹ̀ nítòsí Benin ní 1939, tó di WAIFOR ní 1951 àti NIFOR ní 1964, ń pín irú èso bẹ́ẹ̀ fún àgbẹ̀. Tenera ń so láàárín bí ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, nígbà tó ṣì kúrú. Nílẹ̀ Malaysia, wọn kì í gun ọ̀pẹ. Wọ́n á fi ọ̀pá gígùn tí dòjé wà lórí rẹ̀ gé e láti ilẹ̀, bí igi bá sì ga ju ọ̀pá lọ, lẹ́yìn bí ọdún 25, wọ́n á gé e lulẹ̀, wọ́n á gbin òmíràn.

Àwọn ará Kerala ní Íńdíà gba ọ̀nà mìíràn, nítorí àgbọn wọn kò ṣeé gé kúrú. Wọ́n ṣe ẹ̀rọ ìgungi onírin, tó ní ibi ìtẹ̀sẹ̀ méjì tó ń di igi mú ní ìpele-ìpele, kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n gùn tẹ́lẹ̀ lè gùn ún. Ní 2011, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àgbọn níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ náà, lọ́kùnrin lóbìnrin, ètò ìbánigbófò ìjàǹbá sì wà fún àwọn tó bá parí rẹ̀.

Ní ìhà Ìkọ̀lé, àwọn tó ń gbin tenera ń pọ̀ sí i, ọ̀pá àti dòjé sì ti ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ igbà nínú oko wọn. Nínú igbó, ìbẹ̀rù mìíràn ti dé. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2024, àwọn agbébọn pa ọba méjì tí wọ́n ń bọ̀ láti ìpàdé ní Ìrèlè-Èkìtì. Láti ìgbà náà, ẹni tó máa dá nìkan wọ igbó lọ gun ọ̀pẹ ahoro gbọ́dọ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì, torí ẹni tó wà lórí igbà kò lè sá fún ẹnikẹ́ni.

Dòjé tó lè gé ẹyìn láti ilẹ̀ kò lè dá ẹmu. Ọwọ́ ló ń tún ojú igi gé, tó ń tún oparun kì bọ ibẹ̀, tó ń sọ akèrègbè kalẹ̀, tó sì ń so òmíràn kọ́, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Bó bá jẹ́ pé akọ̀pẹ máa tán nílẹ̀ Èkìtì, adẹ́mu ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀. Òun gan-an sì ni iye ìgbà tó ń gun ọ̀pẹ lọ́dún pọ̀ jù. Nítorí náà, ìbéèrè tó wà níwájú àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé, Ọyẹ́ àti Ìdó-Osì kò tóbi: okùn kejì tó máa di èèyàn mú bí ti àkọ́kọ́ bá já, abẹ́rẹ́ àjẹsára fún àrùn ipá, àti pákó pẹlẹbẹ kan ní abúlé kọ̀ọ̀kan fún ẹni tó bá já bọ́.